Ẹsẹ̀ Ọ̀tún Ọkọ̀ Mi

Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló máa ń dun ọkọ̀ mi. Ọkọ̀ akẹ́rù oní-dísẹ́ẹ̀lì ni, tòkunbọ̀, tí aago tó ń ka máìlì rẹ̀ ti dákẹ́ kí n tó rà á. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la fi ń lọ kó ẹja ní Ẹ̀pẹ́, tí ẹ̀gbọ́n mi ń tà ní Gáráàjì Ìkòròdú. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í ṣàìsàn. Àmọ́ bọ́ọ̀lù jọ́ìnì iwájú lápá ọ̀tún, irin tó di táyà mú, bí mo ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ ló tún ń jẹ. Tó bá ti jẹ, á máa ró nísàlẹ̀ bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Mẹkáníìkì mi ní ayédèrú páàtì ni. Mo gbà bẹ́ẹ̀, torí ó rọ̀ mí lọ́rùn.

Ẹ̀gbọ́n mi ò gbà. Iwájú lápá ọ̀tún yẹn ni wọ́n máa ń jókòó sí. Lọ́jọ́ kan, a kọjá Ìmọ̀tà, tìpà yanrìn yọ lọ́ọ̀ọ́kán, mo sì ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe: mo já ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò lórí ọ̀dà, gbì, sínú iyanrìn etí títì.

"Ṣé o rí i?" ni wọ́n wí. "Títì gba ọkọ̀ méjì, ìwọ ń sá. Ìbẹ̀rù rẹ ló ń jẹ irin yìí, ìbàdí mi ló sì ń gbà á."

"Ẹ̀gbọ́n mi, tìpà ò mọ àgbà."

"Kò mọ ojo náà. Ṣáà máa wakọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín, mi ò sì yí padà. Odindi èmi onírùngbọ̀n, tí tìpà bá ti fọn fèrè, ọwọ́ mi á ti yí sítíá kí n tó ronú.

Ọjọ́ Àìkú kan láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi kú. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Mùsùlùmí ni wá, a kì í jẹ́ kí òkú wa sùn mọ́jú. Ẹ̀pẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ti ní ká sin àwọn sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa, a sì gbọ́dọ̀ débẹ̀ kí wọ́n tó kírun àlàásàrí. Àwọn awakọ̀ tí a bẹ̀ ní àwọn ò gbé òkú. Ọkọ̀ mi ló kù, ó sì ti ń kanlẹ̀kùn. Àwọn tó ń ta páàtì ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mẹkáníìkì wọ abẹ́ rẹ̀, ó jáde, ó nu ọwọ́.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ máà bínú. Tí ẹ bá dúró lórí ọ̀dà, á gbé wọn délé. Tí ẹ bá já a sílẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń ṣe, táyà yẹn lè bọ́."

A tẹ́ ẹní sẹ́yìn ọkọ̀, a gbé wọn lé e. Ọmọ wọn obìnrin jókòó tì wọ́n. Àga iwájú ṣófo.

A ò tíì dé Agbọ́wà tí tìpà fi yọ. Gbogbo àdúrà tí mo mọ̀ fò lórí mi, ti oúnjẹ nìkan ló kù, mo sì ń ké e. Mo di sítíá mú. Tìpà kọjá, díńgí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá díńgí. A ṣì wà lórí ọ̀dà.

"Àǹkù, àdúrà oúnjẹ kọ́ lẹ̀ ń ṣe yẹn?" ni ọmọ wọn bi mí láti ẹ̀yìn.

"Òun náà ni. Máa ṣe tìrẹ lọ."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí a fi dé. Àwọn ará ilé ti gbẹ́ ilẹ̀ dè wá. A ti sin wọn tán kí n tó gbọ́ ìpè àlàásàrí.

Ọmọ wọn dúró sí Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí mò ń padà, èmi nìkan, tìpà kan yọ. Mo já ẹsẹ̀ ọ̀tún sínú iyanrìn, gbì. Táyà ò bọ́. Mo dúró níbẹ̀ díẹ̀, mò ń wo àga tó ṣófo. Kò sẹ́ni tó bú mi.