Ládépọ̀ Ẹnu Ọ̀nà àti Gìtá Béèsì

Ẹ sún mọ́ra, kí ẹ ti ilẹ̀kùn, òtútù ìta yìí kì í ṣe òtútù àwàdà. Ìtàn yìí kò kan ìjàpá, kò sì kan ọba tí ìyàwó rẹ̀ pọ̀ bí ewé. Ládépọ̀ ló kàn, ọkùnrin tó ń wa fọ́kílífìtì, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbẹ́rù sókè, nílé ìkẹ́rùsí kan ní Brampton, tó sì ń gbé nínú ilé gogoro kan létí Weston Road ní Toronto.

Ládépọ̀ ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ọlọ́run fún un ní apá, ó fún un ní àyà, ó sì fún un ní ìyàwó rere tó ń jẹ́ Ìmọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín ohùn, ó jọ pé Ládépọ̀ lọ mu omi. Tó bá la ẹnu kọrin, ewúrẹ́ á dáhùn. Ó fẹ́ràn orin ju oúnjẹ lọ, ìyẹn ló sì dun àwọn tó jókòó tì í ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Nígbà kan rí, ó wọ ẹgbẹ́ akọrin. Auntie Fẹ̀yìntọlá, tó jẹ́ olórí akọrin, nọ́ọ̀sì ni ní Newmarket. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ burúkú fún ènìyàn kí onítọ̀hún má sì ṣubú. Ó pè é sẹ́yìn, ó ní Ọlọ́run ń wá àwọn alágbára sẹ́nu ọ̀nà. Bí Ládépọ̀ ṣe di aṣílẹ̀kùn nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, Ìmọ́lẹ̀ ìyàwó rẹ̀ wà lókè pẹ̀lú àwọn akọrin, òun wà nísàlẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn, tí atẹ́gùn wíńtà ń gba ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ wọlé. Kò kórìíra iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí orin bá gbóná, tí Ìmọ́lẹ̀ bá dijú tó ń mì síhìn-ín sọ́hùn-ún, á dà bí ẹni pé wọ́n ń jẹun nínú ilé Ládépọ̀, tí òun alára dúró sójú fèrèsé níta.

Àfi ìgbà tí Nathan, ọmọkùnrin tó ń ta béèsì fún wọn, ríṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ńlá tó wà nítòsí Bowmanville, tó kó lọ sọ́hùn-ún. Ó fi gìtá béèsì àtijọ́ kan sílẹ̀ sáàárín àwọn àga tó ti kán. Béèsì ni gìtá ọlọ́rùn gígùn olókùn irin mẹ́rin, tí ohùn rẹ̀ máa ń wà nísàlẹ̀ pátápátá. Tó bá wà nínú orin, ènìyàn kì í fura. Tí kò bá sí, orin á máa rìn bí ẹni tí bàtà rẹ̀ já lọ́nà. Ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn Ọjọ́ Ìsinmi, orin wọn ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ládépọ̀ lọ bá Auntie Fẹ̀yìntọlá, ó ní òun á kọ́ ọ. Auntie wò ó bí nọ́ọ̀sì ṣe ń wo aláìsàn tó ní òun ń lọ sílé, tí abẹ́rẹ́ omi sì wà lápá rẹ̀.

“Ọjọ́ Àjíǹde,” ló wí. “Orin kan ṣoṣo. Tí ẹ kò bá ṣì wá lọ́nà, ìjókòó Nathan di tiyín. Tí ẹ bá ṣì wá lọ́nà, ẹnu ilẹ̀kùn ni o, ẹ kò sì gbọdọ̀ dárúkọ akọrin sí mi létí mọ́.”

Ládépọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, ma. Ó gbé gìtá náà sẹ́yìn ọkọ̀, ó wà á gba inú yìnyín lọ sílé, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbé ìyàwó.

Ṣùgbọ́n ìyàwó náà kò gbọ́ràn. Okùn rẹ̀ jìnnà sí igi ọrùn rẹ̀ bí okùn ìsáṣọ ṣe jìnnà sílẹ̀. Kí ènìyàn tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ìka á ti pọ́n. Ìmọ́lẹ̀ ní kó gbé e lọ fún àwọn tó ń tún un ṣe. Ládépọ̀ ní ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ṣebí òun fúnra òun lòun ń pààrọ̀ táyà wíńtà sábẹ́ ọkọ̀ lọ́dọọdún. Ó lọ wo fídíò lórí fóònù. Òyìnbó onírùngbọ̀n kan ṣàlàyé pé irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà nínú ọrùn gìtá, òun ló ń mú un nàró. Wọ́n máa ń fi kọ́kọ́rọ́ kékeré kan yí i díẹ̀, wọ́n á sì fi igi náà sílẹ̀ kó sinmi.

Ládépọ̀ gbọ́ “yí i.” Kò gbọ́ “díẹ̀.”

Ó yí i bí ẹni ń fún nọ́ọ̀tì táyà. Ó fi ẹsẹ̀ ti àga, ó di eyín, ó ké pe Jésù. Ọrùn gìtá fà sẹ́yìn bí ìyàwó ilé tó gbọ́ òfófó ńlá, gbogbo okùn sùn mọ́ igi. Ó ta á, ó ń kùn bí eṣinṣin inú ìgò. Ó bá yí i padà, ó tún yí i jù, ọrùn tẹ̀ síwájú, okùn tún padà sókè bí okùn ìsáṣọ. Bí wọ́n ṣe ń fà á nìyẹn, òun àti igi, títí ó fi yé e pé igi kì í kánjú. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí kọ́kọ́rọ́ náà bí ẹni ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, díẹ̀ báyìí, á lọ síbi iṣẹ́, á dé, á fojú wọ̀n ọ́n, á tún fi díẹ̀ kún un. Okùn wá sún mọ́ igi wẹ́rẹ́, kò kùn mọ́.

Ẹ bá gbà pé ó tán. Kò tán. Ẹ mọ̀ pé iná tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná nílùú yìí, omi ara ènìyàn ló ń mu. Lárààárọ̀ ni Ìmọ́lẹ̀ ń fi òrí para kí orúnkún rẹ̀ má baà dà bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kan Ládépọ̀ wo ọrùn gìtá rẹ̀, ó rí i pé ó funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó gba inú eérú kọjá. Igi náà ti gbẹ, ó ti súnkì, etí àwọn irin wẹ́wẹ́ tí wọ́n tò sí i lára ti yọ síta, wọ́n ń ha á lọ́wọ́. Àánú ṣe é. Ó gbé igbá òrí tí ìyá Ìmọ́lẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Ṣakí, ó fi kun igi, ó fi kun okùn, ó fi kun ara gìtá láti orí dé ìdí, ó fi aṣọ bò ó kó lè wọ̀ ọ́ lára.

Ilẹ̀ mọ́, gìtá ń dán bí ìyàwó ọ̀ṣìngín, ó sì yadi. Ó ta okùn, okùn ní “bù,” bí ẹni gbá ìrọ̀rí. Ìka rẹ̀ yọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹsẹ̀ lórí yìnyín. Ibẹ̀ ló wà tí Ìmọ́lẹ̀ fi rí igbá òfìfo.

“Bàbá Ṣẹ́gun,” ló wí fún ọkọ rẹ̀ jẹ́ẹ́, “òrí ìyá mi, ẹ fi para igi.”

“Ara rẹ̀ ló gbẹ, Ìmọ́lẹ̀.”

“Ó dáa. Kí igi náà ro ọkà fún yín lálẹ́ òní.”

Igi kò ro ọkà. Ládépọ̀ fi búrẹ́dì panu. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló fi ń nu òrí kúrò, tó fi ayùn irin kékeré rẹ́ etí àwọn irin wẹ́wẹ́ náà, tó fi okùn tuntun sí i. Ó bu omi sínú abọ́ tì í kí afẹ́fẹ́ yàrá má baà gbẹ jù. Gìtá dáríjì í, ohùn rẹ̀ padà. Ti Ìmọ́lẹ̀ gba ọjọ́ díẹ̀ sí i.

Ó wá kan títa. Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́: ìka Ládépọ̀ mọ ibi tó yẹ kó lọ, àsìkò ni kò mọ̀. Á sáré, á dúró, á tún sáré, bí ẹni tí ewúrẹ́ ń fà lọ́jà. Ohùn béèsì kì í sì í gba ojú fèrèsé jáde, ilẹ̀ ló ń gbà. Nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an ni Muhyideen ń gbé, oníṣẹ́ iná mànàmáná, ọmọ Ìwó, ẹlẹ́sìn Mùsùlùmí. Ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Muhyideen á ti ibi iṣẹ́ dé, á ní kóun fẹ̀yìn lélẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, gìtá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a níkùn tó ṣófo. Ó fara dà á, ó fara dà á. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ kan, ó mú ọ̀pá ìgbálẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kan òkè àjà: kò, kò, kò, kò. Ènìyàn tó létò ni Muhyideen. Bó tiẹ̀ ń bínú, ìbínú rẹ̀ létò.

Lókè, Ládépọ̀ gbọ́ ọ. Kó tó mọ̀, ìka rẹ̀ ti ń tẹ̀ lé e. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí orin náà dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní ẹ wo ọmọ Yorùbá ní ìlú òyìnbó, ó gbọ́ ìyà tó ń jẹ mí, ó fi ọ̀pá ràn mí lọ́wọ́.

Ó bẹ Ìmọ́lẹ̀, Ìmọ́lẹ̀ dín àkàrà. Ládépọ̀ gbé e sọ̀kalẹ̀ ní àsìkò ìṣínu gẹ́lẹ́. Muhyideen ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú ẹnu tó kún fún ìjà. Kó tó sọ̀rọ̀, Ládépọ̀ ti gbé àwo lé e lọ́wọ́, ó ti ń dúpẹ́, ó ti ń súre, ó ní bó ṣe ran òun lọ́wọ́, ẹ̀dá rere á máa ràn án lọ́wọ́, ọmọ rẹ̀ kò ní ṣìnà.

Bí ẹni tó dàgbà jù ọ́ lọ bá dúpẹ́, tó súre, tí àkàrà gbígbóná sì ti wà lọ́wọ́ rẹ, báwo lo ṣe fẹ́ lanu sọ pé ìbínú ni? Muhyideen gbé ìjà náà mì.

“Kò tọ́pẹ́, Ẹ̀gbọ́n,” ló wí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló fi so ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ nísàlẹ̀. Ládépọ̀ fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀ láti béèrè bóyá ara rẹ̀ kò yá. Muhyideen mí kanlẹ̀, ó dìde mú ọ̀pá ìgbálẹ̀. Hàbíbàt ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní iṣẹ́ lòun ń ṣe. Kí ààwẹ̀ tó parí, òun náà ti ń tẹ Ládépọ̀ láago pé, Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún sáré níbi ègbè yẹn o.

Ọjọ́ Àjíǹde pé. Ṣọ́ọ̀ṣì kún dé ẹnu ilẹ̀kùn tí ẹlòmíràn ń bá Ládépọ̀ ṣọ́. Ó ti yí okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin títí ohùn wọn fi ṣe déédéé, ó gbé gìtá kọ́rùn, ó bọ́ síwájú. Auntie Fẹ̀yìntọlá gbé ọwọ́ sókè láti mú orin wọlé. Àfi bí Màmá Abíọ́dún, àgbà jùlọ nínú ìjọ, ṣe gba ẹ̀gbẹ́ akọrin wọlé pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, tó dúró níwájú Ládépọ̀.

“Ládé, ṣé ìwọ ni mò ń wò yìí?”

Ara Ládépọ̀ ti ń dáhùn irú ìkíni bẹ́ẹ̀ kó tó ní eyín. Ara kò dúró bi orí léèrè. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tòun ti gìtá. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ké gbòòò, àwọn tó wà lẹ́yìn rò pé ibojì ti ṣí. Màmá sì bẹ̀rẹ̀ sí í súre. Ta ló ń dìde lójú ìwúre àgbà? Màmá súre fún iṣẹ́, ó súre fún ọmọ, ó súre fún ìwé ìgbélùú, Ládépọ̀ ń ṣe àmín lórí gìtá bí ẹja lórí ààrò.

Nígbà tó fi dìde, àwọn kọ́kọ́rọ́ orí gìtá tó ń fún okùn ti yí. Okùn kan rọ̀ bí ìdè ṣòkòtò, òmíràn le bí ojú onílé. Auntie sì ti sọ ọwọ́ kalẹ̀, orin ti bẹ̀rẹ̀. Ó fi ìka kan okùn wọn díẹ̀díẹ̀: èkínní kérora, èkejì ké bí màlúù tó ń wá ọmọ rẹ̀, ẹ̀kẹta dáhùn dáadáa, ẹ̀kẹrin kò tiẹ̀ dáhùn.

Ó lè gbé gìtá sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Gbogbo ojú ló rí Màmá. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú àwáwí, ẹnu ilẹ̀kùn náà ló ń sọ̀ kalẹ̀ sí. Ó di okùn ẹ̀kẹta mú, ohùn kan ṣoṣo. Ó ta á bí ẹni gún iyán, kò sáré, kò dúró, kò fi nǹkan kan kún un. Níbi tí orin bá yà lọ síbi tí ohùn náà kò bá a mu, á pa ẹnu gìtá mọ́, á dúró dè é, á tún bá a padà wọlé, á dúró bí òpó ilé. Onílù fẹ̀yìn tì í. Akọrin fẹ̀yìn tì í. Ẹsẹ̀ ènìyàn kì í sì í béèrè pé ohùn mélòó. Bí orin ti bọ́ sójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ ń jó. Màmá Abíọ́dún fi ọ̀pá rẹ̀ fún ẹlòmíràn dì mú.

Lẹ́yìn ìsìn, Auntie Fẹ̀yìntọlá wá bá a níbi tó dúró sí.

“Ohùn kan ṣoṣo lẹ ta láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ma.”

“Orin yẹn ní ju ohùn kan lọ.”

“Mo mọ̀, ma. Àwọn yòókù ṣì wà nílẹ̀ níbi tí mo dọ̀bálẹ̀ sí.”

Auntie yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún ìgbà díẹ̀, èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó yí i padà, ojú rẹ̀ ti le.

“Ẹ kò ṣì wá lọ́nà,” ló wí. “Ẹ jókòó síbi tí Nathan ń jókòó. Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ẹ bá wa fi ohùn kejì kún un.”

Inú Ládépọ̀ dùn débi pé ó ti ń wólẹ̀ láti dúpẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ló di bùbá rẹ̀ mú lẹ́yìn, tó fi ọwọ́ kejì bọ́ gìtá kúrò lọ́rùn rẹ̀, tó wá ní kó máa dọ̀bálẹ̀ ǹṣó.