Ọ̀rá Ojú Tẹlifíṣọ̀n

Bí mo bá ti rí ọ̀rá lójú tẹlifíṣọ̀n tuntun, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Erunmu ni mo máa ń rántí, inú á sì tún bí mi.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù n'Ìbàdàn. Wọ́n á ní kí ọlọ́jà yí i sí bọ́ọ̀lù, wọ́n á tẹjú mọ́ ọn.

"Bọ́ọ̀lù yìí ń fa ìrù bó ṣe ń sáré. Tan òmíràn."

Nígbà tó yá, wọ́n ra èyí tó dá ṣáká. A gbé e délé, wọn ò jẹ́ ká bó ọ̀rá ojú ẹ̀, nítorí eruku.

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ránṣẹ́ pè mí. "Àwòrán yìí ṣú. Wọ́n ti rẹ́ wa jẹ."

Mo nawọ́ sí ọ̀rá náà. Wọ́n gbá ọwọ́ mi dànù.

"Má bó o. Ṣé wọ́n á gbà á padà tí a bá ti bó o?"