Òpó Tí Ọ̀gá Òrùlé Wá Tì

Ọ̀gá Òrùlé ni wọ́n ń pe ayàwòrán ilé kan, torí òrùlé ilé tó bá yà máa ń ti òkèèrè kí èèyàn káàbọ̀. Ó fẹ́ràn orúkọ náà. Kò béèrè rí bóyá ìyìn ni.

Òfin dáàbò bo àfonífojì kan: ilé tuntun tó bá máa wọ ibẹ̀ kò gbọdọ̀ ba ojú ilẹ̀ jẹ́. Èèyàn méjì ló ń du iṣẹ́ yíya ilé kan síbẹ̀: Ọ̀gá Òrùlé, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń di pẹ́ńsù mú. Kí àjèjì gba iṣẹ́ mọ́ni lọ́wọ́, ayé ló rí bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ tá a nu imú fún gbà á, eegun ẹja lọ́nà ọ̀fun ni.

Àṣà ibẹ̀ ni pé kí ayàwòrán ri òpó tó ga tó òrùlé mọ́ ibi tí ilé máa wà, kí wọ́n lè ti orí òkè tó kọjú sí i wò ó bóyá ilé náà máa hàn jù. Ọ̀gá Òrùlé gun òkè náà. Òpó tirẹ̀ rèé, gbọn-in, bí àlejò tí ẹnikẹ́ni ò fún ní àga. Inú rẹ̀ dùn. Ó wá ti àbúrò rẹ̀, kò rí i. Ó nu awò ojú, ó tún wò. Igi, òkúta, ewúrẹ́.

"Kò ri òpó kankan mọ́lẹ̀!" ló pariwo wọlé.

"Ẹ pè é kẹ́ ẹ rán an létí," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Àbúrò yín ni."

"Òfin lòfin!"

"Lónìí ni. Nígbà tí òpó tiyín pẹ́ lọ́jọ́ kan, àánú lẹ̀ ń wá."

Ọ̀gá Òrùlé lọ mú alábòójútó àfonífojì, obìnrin àgbàlagbà tí kì í yára rẹ́rìn-ín, gun òkè.

"Mà, ṣé ẹ rí òpó níbẹ̀ yẹn?"

Màmá wo ibẹ̀ dáadáa. "Mi ò rí i."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀! Mo wá a títí!"

"Àná ni mo fọwọ́ ara mi kàn án, ó wà níbẹ̀. Ilẹ̀ tó rẹlẹ̀ ni àbúrò rẹ fi ilé náà sí, igi sì ga ju òrùlé rẹ̀ lọ. Mo rò pé ojú àgbà ni ò jẹ́ kí n rí i. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń wá a tọkàntọkàn báyìí ò bá rí i, ta ló máa rí i? Jọ̀ọ́, wá sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀ tó ń yan ayàwòrán."

Ìgbìmọ̀ gbọ́, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà fún àbúrò rẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ẹ ṣé o," ni àbúrò wí lẹ́nu ọ̀nà. "Mi ò mọ̀ pé ẹ lè jẹ́rìí mi báyìí."

"Kò tọ́pẹ́," ni Ọ̀gá Òrùlé wí, ó sì gbé e mì, teegun-teegun.