Jíìpù Tí Kì Í Pariwo

Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Rẹ̀mílẹ́kún. Láti Ìyìn ló ti máa ń gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́ l'Ádó, tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, títí ó fi ra jíìpù olówó ńlá kan, irú èyí tó ń lo epo àti bátìrì pọ̀. Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí!

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, gbogbo ìjọ tò sẹ́yìn ọkọ̀ náà láti gbàdúrà sí i. Ẹ̀gbọ́n mi wọlé sínú ọkọ̀, ó tẹ bọ́tìnnì, ṣùgbọ́n a ò gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì rárá.

Pásítọ̀ figbe ta: "Ọ̀tá ti fọwọ́ kàn án! Ẹ dijú, ẹ gbàdúrà!"

A dijú, a ń pariwo, a ń fẹsẹ̀ janlẹ̀. Ohùn tèmi ló ga jù, torí mi ò gba gbẹ̀rẹ́ fún ọ̀tá.

Nígbà tá a ṣe àmín tá a lajú, jíìpù ti kúrò níwájú wa, ó ti dé ẹnu géètì.

Ẹ̀gbọ́n mi yọrí lójú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín: "Kò sọ́tàá o! Bátìrì ló ń gbé mi lọ, kì í pariwo. Ta ló ń bá mi lọ sí Fájuyì l'Ádó?"

Pásítọ̀ ló kọ́kọ́ sáré débẹ̀. Iwájú ló jókòó sí.