Ohun Tí Mo Sọ Pé Ìyá Arúgbó Náà Wí

Mo rántí ìgbà tí mo gbà pé òkè kò ju ohun tí ènìyàn ń wò láti ojú fèrèsé lọ. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá báyìí. Mo wà nílé ẹ̀kọ́ gíga ní Turin, lórílẹ̀-èdè Italy, mo sì ń gbé ní àdúgbò Barriera di Milano lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ wá láti ìlú kan náà. Ẹ̀gbọ́n yìí kò bá mi tan, ṣùgbọ́n wọ́n fún mi ní yàrá kan, wọn kò sì béèrè ju pé kí n máa bá wọn ka lẹ́tà tó bá ti questura wá, ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwé ìgbélùú àwọn àlejò. Iṣẹ́ ẹrù gbígbé ni wọ́n ń ṣe ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí kan, ní Settimo. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi wá ìwé tí wọ́n fi mú ìyàwó wọn wá láti ilé. Ìyàwó náà kò tíì lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè funfun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, tó ń sọ pé òun ì bá fẹ́ fọwọ́ kan yìnyín, kí òun ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìyá òun. Ó sọ mí ní Akọ̀wé, bí ìyàwó ilé ti í fún àbúrò ọkọ lórúkọ. Orúkọ náà ń pa mí bí ọtí.

Èmi ni mo ní kí a lọ. Ẹ̀gbọ́n kò fẹ́; ọjọ́ ìsinmi kan ṣoṣo ni wọ́n ní lọ́sẹ̀, ẹ̀yìn sì ń dùn wọ́n. Mo fi máàpù inú fóònù mi hàn wọ́n, mo ní wákàtí méjì ni a ó fi gòkè, a ó sì ti délé kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná. Ìparí oṣù kẹwàá ni. Bàtà kánfáàsì ni èmi àti Ẹ̀gbọ́n wọ̀. Bàtà pẹlẹbẹ tí ìyàwó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ̀, ó sì din pọ́fùpọ́ọ̀fù sínú ọ̀rá kan. Ìgò omi kan ni a gbé. A wọ ọkọ̀ ojú irin, a tún wọ bọ́ọ̀sì, títí a fi dé abúlé kan lẹ́sẹ̀ òkè.

Mo wọ inú bar kan níbẹ̀ láti béèrè ọ̀nà. Àwọn méjèèjì dúró síta, wọ́n ń yá oòrùn. Ìyá arúgbó tó ń ta kọfí wo ẹsẹ̀ mi, ó ní ṣé bàtà yẹn ni mo fẹ́ wọ̀ gòkè. Ó ní yìnyín ti wà lókè, pé ìkùukùu yóò sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sán, kí a má lọ. Nígbà tí mo jáde, Ẹ̀gbọ́n béèrè ohun tí ó sọ. Mo ní, “Ó ní kí a gbádùn ara wa.” Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìwé tí mo kà ni aṣọ mi nígbà náà.

Wákàtí àkọ́kọ́ dùn. A rí yìnyín lábẹ́ igi kan, ìyàwó bù ú sọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde lójú rẹ̀, mo sì ya fọ́tò. Ohun tí a torí rẹ̀ wá nìyẹn, ó yẹ kí a padà. Ṣùgbọ́n máàpù ní adágún omi kan wà níwájú, mo sì ṣíwájú wọn lọ. Ìkùukùu dé láìsí ariwo. Kí n tó mọ̀, n kò rí ju igi méjì lọ níwájú mi. Òtútù pa fóònù mi. Tiwọn kò rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Yìnyín ti bo ojú ọ̀nà. Níbi tí a ti ń wá ọ̀nà náà ni Ẹ̀gbọ́n ti yọ̀ lórí òkúta, mo sì gbọ́ ìró egungun ẹsẹ̀ wọn tó kán.

Ìyàwó kò sunkún. Ó bọ́ kóòtù ara rẹ̀ bo ẹsẹ̀ náà, ó gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan, ó ń fi ọwọ́ ra ọwọ́ wọn. Mo ní kí n sáré lọ pe ènìyàn wá.

Ó ní, “Akọ̀wé, o ò mọ̀nà. Jókòó.”

Mo jókòó. Ètè Ẹ̀gbọ́n ti ń yí àwọ̀ padà, ẹnu mi sì ṣí fúnra rẹ̀. Mo sọ ohun tí ìyá arúgbó náà wí gan-an fún wọn. Ìyàwó wò mí, ó sì gbójú kúrò lára mi.

Ẹ̀gbọ́n wá ní, “Má sọ ọ́ fún ẹlòmíràn. Ọ̀nà rẹ ṣì jìn nílùú yìí.”

A ń pariwo lọ́kọ̀ọ̀kan títí ohùn fi há. Ìrọ̀lẹ́ ti ń dé nígbà tí a gbọ́ gbígbó ajá, tí ọkùnrin méjì sì yọ nínú ìkùukùu. Ìyá arúgbó náà ló rí i pé bọ́ọ̀sì ìkẹyìn ti lọ láìgbé wa, òun ló ránṣẹ́ pè wọ́n.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fi irin sí ẹsẹ̀ Ẹ̀gbọ́n. Contratto wọn, ìwé àdéhùn iṣẹ́ wọn, parí nígbà tí wọ́n ṣì wà lórí ibùsùn, ilé iṣẹ́ náà kò sì pè wọ́n padà. Nígbà tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá kí wọn, tí wọ́n béèrè ohun tó gbé wọn dé òkè, Ẹ̀gbọ́n ní àwọn ló fẹ́ lọ, pé èmi kàn sìn wọ́n ni. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo gbé fúláàsì ọbẹ̀ dání, n kò sì sọ nǹkan kan.

Bologna ni wọ́n wà báyìí, níbi tí ìyàwó ti ń dirun. Ẹ̀gbọ́n ń bá a mójú tó ṣọ́ọ̀bù. Padua ni èmi ti rí iṣẹ́ ẹnjiníà. Àwọn àgbà ní ẹni tó ṣeni ló ń gbàgbé, ẹni tí a ṣe kì í gbàgbé. Lọ́dọ̀ tiwa, n kò mọ ẹni tó gbàgbé. Mo máa ń lọ kí wọn lọ́jọ́ àìkú. Bí mo bá ń padà, Ẹ̀gbọ́n a ní àwọn fẹ́ sìn mí dé ibùdókọ̀. Mo máa ń rìn díẹ̀díẹ̀ kí ẹsẹ̀ wa lè bára dọ́gba. Wọ́n mọ̀ pé nítorí tiwọn ni. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni a máa ń sọ títí tí bọ́ọ̀sì yóò fi dé.