Títí ò lè kàwé, wọ́n ní Ìbàdàn ló ń lọ

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọmọ tí mo bí o!

Lónìí, tíṣà Títí, ọmọ ọmọ mi, pè wá sí school wọn ní Openshaw, nílùú Òyìnbó tá à ń gbé níbí. Ó ní orí ọmọ náà pé, àmọ́ ìwé kíkà ló nira fún un. Ó ní tíṣà kan wà, special teacher, tó máa máa kọ́ ọ lọ́tọ̀, ká tètè bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí tó ṣì kéré.

Inú mi dùn. Déjì, bàbá ẹ̀, fò dìde.

"Special kí ni? Kò sí dìndìnrìn nílé wa! Ọ̀lẹ ni. Ìbàdàn ló ń lọ, wọ́n á fi pàṣán kọ́ ọ."

Mo ní, "Déjì, nígbà tí ojú ẹ ò ríran dáadáa, ṣé pàṣán ni mo fi nà ẹ́, àbí mo ra dígí fún ẹ?"

"Màámi, ẹ dákẹ́. Kí lẹ mọ̀ nípa ìwé?"

Mo fa Títí, tó ti gbọ́ gbogbo ẹ̀, lọ́wọ́, a jáde.

Nínú bọ́ọ̀sì, Títí rọra bi mí, inú ẹ̀ ń dùn: "Grandma, ṣé wọn kì í kàwé ní Ìbàdàn ni?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé Ìbàdàn rí, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n sọ fún ọmọ yìí?