Díẹ̀díẹ̀ àti Ìbọn Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ẹni tó bá ń kánjú kò gbọdọ̀ gbé ìbọn lọ sọ́dọ̀ Díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọdẹ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu rẹ̀ tó bá ti tẹ̀ mọ́ iṣẹ́: "Díẹ̀díẹ̀, ẹ ṣe sùúrù." Ìyàwó rẹ̀ ní bó ṣe dẹnu ìfẹ́ kọ òun náà nìyẹn. Àbúrò òun ti lọ́kọ, ó ti bímọ, kí ọ̀gbẹ́ni tó dé orí ọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó mú kí ìbọn ṣakabùlà máa lọ síbi tí ọdẹ bá kọjú rẹ̀ sí. Ìbọn tí wọ́n ń gba ẹnu ki ẹ̀tù àti ọta sí yìí, ojú méjì ló ní. Ojú ẹ̀yìn jẹ́ irin pẹlẹbẹ tí wọ́n gé láàárín. Ojú iwájú, tó wà lẹ́nu ìbọn, kò ju hóró ìrẹsì lọ. Inú ọ̀nà tóóró kan ló jókòó sí, ó sì ṣeé gbá sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ọdẹ á gbé hóró náà sí àárín ibi tí wọ́n gé, kó tó yìn ín. Bí ọta bá ń gba òsì lọ, Díẹ̀díẹ̀ á gbá hóró náà sí òsì. Bí ọta bá ń lọ sílẹ̀ jù, á fi fáìlì fá orí rẹ̀ kó lè kúrú. Ó lè jókòó ti irin bíńtín yẹn láti àárọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé kúrò lórí tábìlì, kó rọra sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kó má sì mọ̀ pé ebi ń pa òun. Eruku irin á máa fò nínú oòrùn, ọkàn tirẹ̀ náà á máa bá a fò. Kò sí ohun tó fẹ́ràn láyé tó ìjókòó yẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú àwọn òbí wọn. Ọdẹ ni ẹ̀gbọ́n, ògbólógbòó ọdẹ. Ní bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé ìbọn òun ń gba òsì lọ. Díẹ̀díẹ̀ bá a gbá a. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n tún dé. Òsì náà ni. Ọjọ́ kan ni Díẹ̀díẹ̀ rí i tó ń fọwọ́ wá ife omi kiri orí tábìlì, ife tó wà níwájú rẹ̀ gan-an. Àṣé ìbọn kò ṣàìsàn. Ojú ẹ̀gbọ́n ló ń ṣú láti àárín, etí nǹkan nìkan ló ṣẹ́ kù tó ń rí, etí ibi tí wọ́n gé náà ló sì ń gbé hóró yẹn tì.

Ẹnu wo ni àbúrò fẹ́ fi sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó tọ́ ọ? Ó ń gbá irin náà tẹ̀ lé ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́dọọdún, bí ẹni tó ń sún àga tẹ̀ lé ibòòji.

Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí obìnrin aṣẹ́gi kan fi wọ ṣọ́ọ̀bù, tó gbé igi kan lé orí tábìlì. Ọta ìbọn wà nínú igi náà.

"Orí mi ni ẹrù igi yìí wà o," ó sọ. "Ẹ̀gbọ́n yín ló yìnbọn. Mo figbe ta, wọ́n sáré wá bá mi, wọ́n tún ń bi mí pé ṣé mo rí ìgalà tó gba ibẹ̀ kọjá. Mi ò lè sọ fún wọn pé èmi ni ìgalà ọ̀hún. Ẹ̀yin ni mo wá bá."

Díẹ̀díẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí. Nígbà tó lọ tán, ẹ̀rù ba Díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ṣì mọ ibi tí nǹkan wà, kò mọ ohun tí nǹkan jẹ́ mọ́. Ó pinnu pé ìbọn yẹn kò ní padà sí igbó.

Kò pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n fi yọjú ní òwúrọ̀ kan tí ìkùukùu bo gbogbo àdúgbò.

"Àbúrò mi, ó tún ti ń gba òsì. Bá mi tì í sí i."

Díẹ̀díẹ̀ fi òòlù kàn án jẹ́jẹ́. Hóró náà ti dé etí ọ̀nà rẹ̀ pátápátá. Tó bá tún kàn án, á já bọ́. "Bọ̀dá, ó ti dé òpin."

"Kí ló dé òpin?"

Díẹ̀díẹ̀ gbé òòlù sílẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká yìn ín wò ná."

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, wọ́n gbé pátákó funfun kan ti òkìtì yẹ̀pẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yìn ín. Pátákó dún pá! Ó rìn lọ síbẹ̀, ó fọwọ́ pa á títí ìka rẹ̀ fi bọ́ sínú ihò tó wà láàárín gbùngbùn, ó sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ kí èmi náà yìn ín," Díẹ̀díẹ̀ sọ. Èrò rẹ̀ ni pé bí òun bá tàsé, ẹ̀gbọ́n á béèrè ìdí, òun á sì rí ibi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó gbé hóró náà sí àárín géérégé, ó yìn ín. Ọta gba ọ̀tún, ó wọ inú yẹ̀pẹ̀. Pátákó kò dún. Èéfín dúró sáàárín àwọn méjèèjì, ó funfun, kò yára lọ, àfi bíi pé ojú oorun ni wọ́n wà.

"Tún un yìn," ẹ̀gbọ́n sọ.

Ó tún un yìn. Pátákó kò dún.

"Láti ìgbà wo?" Ohùn ẹ̀gbọ́n ti yí padà.

"Láti ìgbà wo ni kí ni, Bọ̀dá?"

"Má purọ́ fún mi. Ojú ẹ ti ń fọ́! Ìbọn kan náà, pátákó kan náà, èmi àgbà bà á láàárín, ìwọ ò tiẹ̀ fara kàn án. Ṣé torí ẹ̀ ni iṣẹ́ ẹ fi máa ń pẹ́ tó yẹn? Àwọn èèyàn ń fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, èmi náà sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín!"

Díẹ̀díẹ̀ la ẹnu. Òótọ́ ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ń bọ́ lójú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹni tí kò sunkún níbi òkú bàbá wọn.

"Mi ò lọ sí igbó mọ́," ẹ̀gbọ́n ń sọ. "Ta ni màá fi ẹ́ sílẹ̀ fún? Gbé ìbọn yìí kọ́ sára ògiri. Látọ̀la, èmi ni màá máa jókòó tì ẹ́, tí màá máa mú ẹ lọ sílé."

Díẹ̀díẹ̀ mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn máa bí. Gbogbo ọdẹ á gbọ́ pé ẹni tó ń tún ojú ìbọn ṣe ti fọ́jú, ta ló sì máa gbé ìbọn fún afọ́jú? Ìjókòó ojú fèrèsé ti parí nìyẹn. Ó dùn ún wọ eegun. Ṣùgbọ́n ó rántí orí obìnrin aṣẹ́gi náà.

"Ó ti pẹ́ díẹ̀, Bọ̀dá," ó dáhùn. "Ẹ má bínú pé mi ò sọ."

Ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sì forí lé ọ̀nà ilé nínú ìkùukùu.

"Rọra o, gọ́tà wà níbí."

Kò sí gọ́tà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Díẹ̀díẹ̀ gbé ẹsẹ̀ sókè. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí gọ́tà wà ní tòótọ́, ẹ̀gbọ́n kò sọ nǹkan kan. Díẹ̀díẹ̀ rọra fa ọwọ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ sọdá rẹ̀.

"Ṣé ọkàn ẹ balẹ̀ báyìí?" ẹ̀gbọ́n béèrè.

"Ó balẹ̀, Bọ̀dá. Ẹ ṣeun," ó sọ, ó sì di ọwọ́ náà mú dáadáa.